Dókítà Ajá ní Ìkẹjà

Àgídìngbì, Ìkẹjà,
11 Oṣù Kẹwàá, 1999.

Màámi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé, ẹ kú àdúrà, ẹ kú àárò mi. Ṣé ara yín le? Ṣé eékún tó ń dùn yín ti gbọ́ràn díẹ̀? Ẹ bá mi kí gbogbo ìjọ, kí ẹ sì bá mi kí Ṣínà aládùúgbò wa tó gbé àpótí mi dé garéèjì láìráhùn.

Mo dé Èkó láyọ̀. Ilé Àǹtí Bísí ní Agége ni mo wọ̀ sí bí ẹ ṣe ṣètò rẹ̀, èmi àti àwọn ọmọ wọn nínú yàrá kan. Òórùn búrẹ́dì ló ń jí mi láràárọ̀, fèrè ilé iṣẹ́ á sì dún tẹ̀lé e, gbogbo àdúgbò á bẹ̀rẹ̀ sí í sáré.

Ilé ìwòsàn tí mo wà ní Àgídìngbì níbí kò tóbi. Ajá àti ológbò la máa ń tọ́jú jù, odídẹrẹ́ náà ń wá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn ọlọ́rọ̀ GRA á fi mọ́tò gbé ajá wọn wá, dírẹ́bà á ṣílẹ̀kùn fún un bí ẹni ń ṣílẹ̀kùn fún gómìnà. Àwọn mẹ́gáàdì náà á fi okùn fa ajá ilé iṣẹ́ wá láti Ọrẹ́gùn, àwọn ajá tí kò mọ eré kankan ju kí wọ́n ya ṣòkòtò èèyàn lọ. Àwa mẹ́rin la jẹ́ dókítà tuntun tó wá fi ọdún kan kọ́ṣẹ́ lábẹ́ ọ̀gá wa, Dókítà Olúfọlákẹ́. Ẹ má bínú sí ọ̀rọ̀ "kọ́ṣẹ́" yẹn o. Ọdún mẹ́fà ní yunifásítì Ìbàdàn fún wa ní ìwé. Ibí yìí la ti fẹ́ gba ọwọ́.

Láràárọ̀, ọ̀gá á kó wa lọ yí àwọn àgò ká, wọ́n á sì dúró ti ẹranko kan, wọ́n á ní, "Kí lo rí?" Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, Peace, ọmọ Wàrri tá a jọ ń ṣiṣẹ́, dáhùn pé, "Ma, I think it's worms." Ọ̀gá ní, "Mi ò bi ọ́ ní ohun tí o rò. Kí lo rí?" Peace bẹ̀rẹ̀, ó tún ajá náà wò láti orí dé ìrù. Èmi náà ì bá ti sọ pé aràn ni.

Kí wọ́n tó jẹ́ ká fọwọ́ kan ohunkóhun, wọ́n to gbogbo wa sẹ́yìn ara wa, wọ́n gún wa lábẹ́rẹ́ ajá dìgbòlugi. Ọ̀gá ní ẹni tí kò bá gbà á kò gbọdọ̀ ṣí ilẹ̀kùn àgò. Apá òsì mi wú bí búrẹ́dì Agége. Mo mọ̀ pé ẹ kì í fẹ́ gbọ́ orúkọ abẹ́rẹ́ sétí láti ìgbà tí Bàámi ti kú, ẹ forí jì mí.

Wọn kò ní fún wa lọ́bẹ kí oṣù mẹ́fà tó pé. Ní báyìí, à ń di ẹranko mú, à ń wọ̀n wọ́n, à ń fọ àgò. Mo fẹ́ràn rẹ̀, Màámi. Ẹ bá mi fi epo pupa díẹ̀ àti súwẹ́tà mi rán Nùréènì awakọ̀ tó ń ná Èkó. Ó ní òun á máa bá wa gbé lẹ́tà, pé tiwa á yá ju ti ilé ìfìwéránṣẹ́ lọ.

Ọmọ yín,
Oyèníkẹ́.


Ìlúpéjú-Èkìtì,
2 Oṣù Kọkànlá, 1999.

Ọmọ mi Oyèníkẹ́,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ìnáwó-nára. Lẹ́tà rẹ dé, mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta, mo sì fi pẹ́ńsù pupa fa ìlà sábẹ́ ibi méjì tí o ti gbàgbé àmì ohùn. Tíṣà kì í fẹ̀yìn tì.

Mo ti dúró jẹ́rìí nínú ìjọ. Mo ní Ọlọ́run opó ti ṣe é, ọmọ mi ti di dókítà ní ọ̀sìbítù ní Ìkẹjà. Agogo dún títí ni. Wọ́n gbé mi jó dé ìdí pẹpẹ. Láti ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn tí wọ́n ti gún bàbá rẹ lábẹ́rẹ́ títí tó fi kú lé mi lọ́wọ́, tí mo sì jẹ́jẹ̀ẹ́ pé oògùn òyìnbó kò tún ní kan ara mi, tí wọ́n tìtorí ẹ̀jẹ́ yẹn fi mí ṣe Ìyá Ìjọ, inú mi kò dùn tó báyìí rí.

Wàyí o, gbọ́ èyí tó ṣe pàtàkì. Ìjọba alágbádá tuntun ti ń gba èèyàn síṣẹ́ ní Adó. Àbúrò mi Gbénró ti rí àyè kan dì mú fún ọ ní ẹ̀ka ọ̀rọ̀ àgbẹ̀: tábìlì tìrẹ, ilé ìjọba, owó ìfẹ̀yìntì lọ́jọ́ iwájú. Kò ní lè dì í mú kọjá ìparí oṣù kìn-ín-ní. Wá fọwọ́ síwèé. Bóo ni dókítà á ṣe máa fọ àgò?

Ìyá Adéìfẹ́ inú ìjọ wa ń bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú, kò sì ní irú ìgbàgbọ́ tèmi. Mo ti júwe ibi iṣẹ́ rẹ fún un. Tọ́jú rẹ̀ dáadáa, kó má bàa padà wá sọ̀rọ̀ wa láìdáa. Epo rẹ nìyí, súwẹ́tà nìyí.

Èmi ni ìyá rẹ.


Àgídìngbì, Ìkẹjà,
29 Oṣù Kọkànlá, 1999.

Màámi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ Olúwa. Mo rí epo, mo rí súwẹ́tà. Mo rí Ìyá Adéìfẹ́ pẹ̀lú.

Màámi, kí lẹ ṣe fún mi báyìí? Mo wà nínú lọ́hùn-ún, mò ń di ajá kan mú tí wọ́n ń ran etí rẹ̀. Ìyá Adéìfẹ́ wọlé pẹ̀lú gèlè ìsìn àti ìgò omi ìyàsímímọ́, wọ́n jókòó sáàárín ajá mẹ́gáàdì kan àti ológbò Madam Rachael tó ń gbé ní GRA. Stella tó ń gba orúkọ bi wọ́n pé ta ni aláìsàn, wọ́n ní àwọn ni. Stella rò pé wọ́n gbé adìẹ pamọ́ sábẹ́ ìborùn ni. Ó ní kí wọ́n gbé aláìsàn sórí ìwọ̀n. Wọ́n gun ìwọ̀n ajá, Màámi! Wọ́n dúró lórí ẹ̀, wọ́n ṣe bí ẹni tó fẹ́ ya fọ́tò.

Nígbà tí mo jáde, wọ́n na ẹsẹ̀ sí mi: "Dókítà, ọmọ mi, ibí yìí ló ń dùn mí." Ajá mẹ́gáàdì gbó. Ológbò fò mọ́ fèrèsé. Wọ́n wá wò yíká, wọ́n rọra bi mí pé, "Oyèníkẹ́, níbo làwọn èèyàn wà?"

Mo tọrọ àyè lọ́wọ́ ọ̀gá, mo fà wọ́n lọ́wọ́ lọ sí ọ̀sìbítù èèyàn, mo tò fún wọn títí wọ́n fi rí dókítà. Wíwú ẹsẹ̀ náà ti ń lọ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń wọkọ̀, wọ́n bojú wẹ̀yìn. Ojú tí wọ́n fi wò mí, bí ẹni tó ra aṣọ tuntun tó bá ihò níbẹ̀ ni.

Kí ló dé tí ẹ kò sọ òtítọ́ fún wọn? Ẹ kò purọ́, mo mọ̀. Ẹ ní dókítà, ẹ ní ọ̀sìbítù, ẹ ní Ìkẹjà. Ẹ kàn yọ ajá kúrò níbẹ̀ ni. Màámi, ẹ dá ajá mi padà. Mi ò tijú rẹ̀. Bí ojú bá ń tì yín fún mi, ẹ jẹ́ kó máa tì yín nílé, kí n ráyè ṣiṣẹ́ níbí.

Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Bọ̀ọ̀dá Gbénró. Ẹ sọ fún wọn pé mi ò wá. Bóyá lẹ́yìn ọdún yìí. Ní báyìí, bí wọ́n bá gbé mi sẹ́yìn tábìlì, ìwé tí mo kà ni n ó máa kà fún àwọn màlúù létí. Ẹ jẹ́ kí n parí ohun tí mo bẹ̀rẹ̀.

Ọmọ yín,
Oyèníkẹ́.


Ìlúpéjú-Èkìtì,
20 Oṣù Kejìlá, 1999.

Oyèníkẹ́,

Ó dáa. O ti dàgbà, o ti ń ránṣẹ́ sí mi pé kí ojú máa tì mí nílé. Ó ń tì mí. Ìyá Adéìfẹ́ kò kọ́kọ́ lọ sílé rẹ̀ nígbà tó dé o. Ojúde ọjà ló gbà lọ. Kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo ìlú ti mọ̀ pé dókítà ajá ni ọmọ Ìyá Ìjọ. Àwọn ọmọ tí mo kọ́ bàbá wọn ní A, B, D ń gbó tẹ̀lé mi lójú ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. "Hau! Hau!" Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe.

Bísí náà ti kọ̀wé. Ó ní ìgbẹ́ ajá ni o ń kó, pé òórùn rẹ̀ ń bá ọ wọlé, àwọn ọmọ òun sì ń sáré fún ọ. Ṣé torí èyí ni mo ṣe ta ilẹ̀ bàbá rẹ? Ajá tí yóò sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ, Oyèníkẹ́. Mò ń fọn fèrè. Wá fọwọ́ síwèé kí oṣù kìn-ín-ní tó parí. Gbénró ní àwọn mìíràn ti ń yọjú síbẹ̀.

Àwọn ajá rẹ yìí kò tiẹ̀ fi mí lọ́rùn sílẹ̀. Ní bí ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, mò ń bọ̀ láti àdúrà òwúrọ̀, ọ̀kan já láti ẹ̀gbẹ́ ilé alágbẹ̀dẹ, ó bù mí jẹ nídìí ọrùn ẹsẹ̀. Kì í ṣe nǹkan bàbàrà. Ṣínà àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lù ú pa lójú ẹsẹ̀, wọ́n sè é jẹ. Wọ́n gbé ẹ̀dọ̀ rẹ̀ wá fún mi pé òun ni oògùn rẹ̀, wọ́n tún jó irun rẹ̀ pọ̀ mọ́ epo pé kí n fi pa á. Mo ní ṣé orí wọn pé, èmi Ìyá Ìjọ? Omi ìyàsímímọ́ ni mo dà sí i. Ó ti jinná. Orí ajá náà ni alágbẹ̀dẹ gbé kọ́ síwájú Ògún rẹ̀.

Ọdún Kérésì á bá wa láyọ̀. Má sọ pé iṣẹ́ kò jẹ́ kí o wá o.

Èmi ni ìyá rẹ.


Àgídìngbì, Ìkẹjà,
23 Oṣù Kejìlá, 1999.

Màámi,

Ẹ má bínú pé mi ò kí yín kí n tó máa sọ̀rọ̀. Nùréènì ń dúró dè mí lẹ́nu géètì, kò sì pa mọ́tò.

Ẹ wẹ ojú ọgbẹ́ náà pẹ̀lú ọṣẹ àti omi púpọ̀, bó tilẹ̀ ti jinná. Lẹ́yìn náà kí ẹ wọkọ̀ lọ sí ọ̀sìbítù ìjọba ní Adó lónìí. Kì í ṣe ọ̀la, kì í ṣe lẹ́yìn Kérésì. Ẹ sọ fún wọn pé ajá bù yín jẹ, pé wọ́n ti pa ajá náà. Wọn á gún yín ní abẹ́rẹ́ dìgbòlugi. Ó ju ẹyọ kan lọ, ẹ ó máa padà lọ títí á fi pé.

Mo mọ ẹ̀jẹ́ yín. Mo wà níbẹ̀ nígbà tí ẹ jẹ́ ẹ, mo di ẹsẹ̀ yín mú. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́: àìsàn yìí máa ń sùn nínú ara. Ọgbẹ́ á jinná, èèyàn á máa rìn, á máa jẹun, á rò pé ó ti tán. Ọjọ́ tó bá jí, kò sí dókítà èèyàn tàbí dókítà ajá tó lè dá a padà. Kó tó jí nìkan ni abẹ́rẹ́ lágbára lé e lórí. Igi gogoro má gún mi lójú, òkèèrè la ti ń wò ó.

A kì í pa irú ajá bẹ́ẹ̀! Ẹ bá mi sọ fún Ṣínà. Ká ní wọ́n sé e mọ́ ibì kan ni, tí wọ́n ń wò ó láti òkèèrè, à bá ti mọ̀ bóyá aláìsàn ni. Wọ́n pa ẹlẹ́rìí, wọ́n tún jẹ ẹ́. Kí gbogbo ẹni tó kun ún lọ gba abẹ́rẹ́ náà.

Nísinsìnyí, ẹ dáhùn ìbéèrè ọ̀gá mi fún mi. Kì í ṣe ohun tí ẹ rò. Kí lẹ rí? Báwo lajá náà ṣe ń rìn? Kí ló wà lẹ́nu rẹ̀?

Èmi nìkan ni mo dúró lẹ́nu iṣẹ́ nínú àwa mẹ́rin, àwọn yòókù ti lọ sílé ọdún. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, èmi ni ǹ bá gbé lẹ́tà yìí wá. Ẹ jọ̀ọ́.

Oyèníkẹ́.


Àgídìngbì, Ìkẹjà,
31 Oṣù Kejìlá, 1999.

Màámi,

Nùréènì padà dé lọ́wọ́ òfo. Ó ní òun fi lẹ́tà lé yín lọ́wọ́, ẹ sì ní kó máa lọ. Gbogbo Èkó ń bẹ̀rù pé kọ̀ǹpútà á ya wèrè tí ọdún bá ti yí sí 2000. Àǹtí Bísí ti ra àbẹ́là pamọ́. Ajá kan tó ti kú ló ń bà mí lẹ́rù. Ṣé ẹ ti lọ? Bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ kọ ọ́ sórí ìwé kí ẹ fi rán an.

Oyèníkẹ́.


Ìlúpéjú-Èkìtì,
4 Oṣù Kìn-ín-ní, 2000.

Oyèníkẹ́,

Bẹ́ẹ̀ kọ́.

Mo rí lẹ́tà méjèèjì. O béèrè ohun tí mo rí, tíṣà kì í sì sá fún ìbéèrè. Ìtọ́ ń dà lẹ́nu ajá náà. Ó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bí ọ̀mùtí. Ó kọ́kọ́ bu odó tó wà lójúde alágbẹ̀dẹ jẹ, ó tún bu ilẹ̀ jẹ, kó tó bù mí jẹ. Ohùn rẹ̀ ti há. Ṣé ó tó?

Mo mọ ohun tí o máa sọ sí i. Ìwọ náà mọ tèmi. Mo wo bàbá rẹ lórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ń gún un lówùúrọ̀, wọ́n ń gún un nírọ̀lẹ́, wọ́n ní ara rẹ̀ á yá. Àga Ìyá Ìjọ tí mo jókòó lé, orí ẹ̀jẹ́ yẹn ló dúró lé. Bí mo bá gba abẹ́rẹ́, kí ló kù fún mi?

Ṣùgbọ́n bí o bá fẹ́ kí n da ẹ̀jẹ́ mi, ìwọ náà ju nǹkan tìrẹ sílẹ̀. Ọjọ́ tí o bá fọwọ́ síwèé Gbénró ní Adó, ọjọ́ náà ni n ó ká aṣọ sókè fún abẹ́rẹ́. Ọ̀sìbítù kò jìnnà sí ọ́fíìsì rẹ̀, a lè jọ lọ. Bí o kò bá fọwọ́ sí i, má wàhálà ara rẹ. Mò ń gorí Òkè Ìṣẹ́gun lọ fún ààwẹ̀. Má sì rò pé wàá wá fipá wọ́ mi: mo ti sọ fún olùṣọ́ òkè kó má pè mí fún ọ láìjẹ́ pé o mú ìwé tí o fọwọ́ sí dání.

Ìyá rẹ.


Ìsàlẹ̀ Òkè Ìṣẹ́gun,
Sátidé, 8 Oṣù Kìn-ín-ní, 2000.

Màámi,

Mo wà nísàlẹ̀ yín. Orí òkúta tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ahéré olùṣọ́ ni mo jókòó sí, mò ń gbọ́ ohùn yín bí ẹ ṣe ń dárin. Mo mọ ohùn yín láàárín igba ohùn. Olùṣọ́ ti bẹ̀ mí kí n máa lọ, mo ti bẹ̀ ẹ́ kó pè yín. Ìwé yìí nìkan ló gbà láti gbé gòkè.

Mi ò fọwọ́ síwèé kankan. Ẹ rò pé n ó sunkún wá sí Adó? Mo sunkún, ẹkún náà ló jẹ́ kí n sọnù ní Iléṣà nígbà tí mo ń pààrọ̀ ọkọ̀. Ṣùgbọ́n mi ò fọwọ́ sí i. Tí mo bá fi iṣẹ́ mi ra abẹ́rẹ́ yìí fún yín, lọ́jọ́ wo la ó tún fi ẹ̀mí yín ra ọkọ fún mi? Lọ́jọ́ wo la ó fi ra orúkọ tí n ó sọ ọmọ mi? Ẹ kọ́ mi ní ìwé kí n lè mọ nǹkan. Mo mọ nǹkan yìí. Ẹni tí fèrè wà lọ́wọ́ rẹ̀ lónìí, èmi ni.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká jọ ṣe é bí ẹ ṣe fẹ́ ẹ. Ajá kan wà nílé ìwòsàn wa láti àná, ajá ilé iṣẹ́ kan ní Ọrẹ́gùn. Ìtọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, ó ń bu irin àgò jẹ, ohùn rẹ̀ ti há. Láti Mọ́ńdè, èmi ni n ó máa fún un lómi. Mi ò ní wọ ìbọ̀wọ́, mi ò sì ní gba abẹ́rẹ́ kankan. Bí Ọlọ́run bá ń ṣọ́ yín lórí òkè láìsí abẹ́rẹ́, á ṣọ́ èmi náà ní Àgídìngbì. Ọjọ́ tí ẹ bá gba tiyín ni n ó gba tèmi.

Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi bí èèyàn ṣe ń fi ẹ̀mí ara rẹ̀ nájà.

Ọmọ yín,
Oyèníkẹ́.


Adó-Èkìtì,
11 Oṣù Kìn-ín-ní, 2000.

Oyèníkẹ́,

Wọ́n ti gún mi. Ọ́fíìsì Gbénró ni mo ti ń kọ èyí. Ṣínà àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ náà gbà á, èmi ni mo wọ́ wọn wá.

Gba tìrẹ lónìí. Ọmọ tó ní ìyá òun ò ní sùn, òun náà ò ní fojú kan oorun.

Má kọ̀wé sí mi.


Àgídìngbì, Ìkẹjà,
3 Oṣù Kẹrin, 2000.

Màámi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kú ìbínú. Ẹ ní kí n má kọ̀wé, mo pa á mọ́ra títí ó fi sú mi. Bọ̀ọ̀dá Gbénró ló ń sọ fún mi pé ẹ padà lọ gba gbogbo èyí tó kù, pé ẹ máa ń kọjú sí ògiri tí wọ́n bá ń gún yín. Ẹnu mi kò gba ọpẹ́, Màámi. Mo mọ ohun tó ná yín.

Wọ́n tún sọ fún mi pé wọ́n ti fún ẹlòmíràn níṣẹ́ náà. Mi ò ní purọ́ pé ó dùn mí.

Irọ́ kan wà ńlẹ̀ tó ń dùn mí ṣá. Mo ti gba abẹ́rẹ́ tèmi kí n tó fọwọ́ kan ajá kankan ní Ìkẹjà. Ajá Ọrẹ́gùn yẹn wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀gá kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sún mọ́ ọn láìwọ ìbọ̀wọ́ títí ó fi kú. Mo dẹ́rù bà yín ni. Mi ò mọ ọ̀nà mìíràn mọ́. Ẹ fìyà tó bá wù yín jẹ mí.

Wọ́n fún mi lọ́bẹ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Abo ajá mẹ́gáàdì kan ló ń rọbí, ọmọ há sí i nínú. Ọ̀gá dúró lẹ́yìn mi, wọ́n ká ọwọ́ wọn sẹ́yìn, wọ́n ní, "Kí lo rí?" Mo sọ ohun tí mo rí. Wọ́n ní, "Ó dáa, là á." Ọmọ mẹ́rin ló jáde, mẹ́ta yè. Mẹ́gáàdì náà fẹ́ sọ ọ̀kan ní Oyèníkẹ́, ahọ́n rẹ̀ kò lọ.

Ṣé mo lè wá kí yín fún Àjíǹde?

Ọmọ yín,
Oyèníkẹ́.


Ìlúpéjú-Èkìtì,
10 Oṣù Kẹrin, 2000.

Àdùkẹ́,

Mo fi oríkì pè ọ́ kí o lè mọ̀ pé inú mi ti rọ̀ díẹ̀. Díẹ̀ ni mo wí.

O rò pé ìwọ lo tàn mí sọ̀kalẹ̀ lórí òkè? Apá òsì tó wú bí búrẹ́dì Agége, ta ló kọ ọ́ sí mi? Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo fi gbọ́ irọ́ ọmọ ilé ìwé, Àdùkẹ́. Kí n tó ka lẹ́tà rẹ tán ni mo ti mọ̀ pé irọ́ ni; ìbínú ló jẹ́ kí n kọ ọ́ sí ọ láti Adó pé kí o gba tìrẹ. Mo tiẹ̀ rẹ́rìn-ín. Olùṣọ́ òkè rò pé ẹ̀mí ló gbé mi.

Ẹ̀rín náà kò pẹ́. Mo jókòó lórí àpáta, mo bi ara mi ní ìbéèrè ọ̀gá rẹ. Kì í ṣe ohun tí mo rò. Kí ni mo rí? Mo rí ajá kan tó ń bu odó jẹ. Mo rí ọmọ mi tí kò purọ́ fún mi rí láyé rẹ̀, tó jókòó sórí òkúta nísàlẹ̀, tó ń purọ́ kí n má bàa kú. Ẹ̀rù bà mí gan-an. Láti ọjọ́ tí bàbá rẹ ti kú, mo ti ń pe ẹ̀rù yẹn ní ìgbàgbọ́. Mo sọ̀kalẹ̀. Ìwọ ti lọ.

Àwọn àgbà ìjọ ti pè mí. Wọ́n ní Ìyá Ìjọ kì í gba abẹ́rẹ́, wọ́n gba àga náà lọ́wọ́ mi, wọ́n ní kí n máa jókòó sẹ́yìn. Mo ní kò burú, atẹ́gùn pọ̀ lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n kí n tó lọ jókòó, mo ní mo ní ẹ̀rí. Mo dúró síwájú gbogbo wọn, Ìyá Adéìfẹ́ wà níbẹ̀, mo ní, "Ọmọ mi Oyèníkẹ́ kì í ṣe dókítà èèyàn. Dókítà ajá ni. Òun ló jẹ́ kí n wà láàyè. Ẹni tó bá fẹ́ gbó, kó gbó nísinsìnyí kí n gbọ́." Kò sẹ́ni tó gbó.

Máa bọ̀ fún Àjíǹde. Kó abẹ́rẹ́ ajá dání, kó o púpọ̀. Mo ti lọ láti ilé dé ilé pé kí gbogbo ẹni tó ní ajá so ó mọ́lẹ̀, kí wọ́n kó wọn wá síwájú ilé mi lọ́jọ́ Sátidé ọ̀sẹ̀ Àjíǹde. Alágbẹ̀dẹ ló kọ́kọ́ gbà. Èmi àti òun kò bá ara wa sọ̀rọ̀ rí ká tó dé orí ọ̀rọ̀ yìí. Ṣínà á bá ọ di ẹnu wọn mú, ó ti ṣe tán.

Ṣùgbọ́n o kò ní fọwọ́ kan ajá kankan tí o kò bá tíì kúnlẹ̀ níwájú mi fún irọ́ tí o pa nísàlẹ̀ òkè Olúwa. Gbogbo ìlú á dúró dè ọ́. Bí o bá ti kúnlẹ̀ tán, tí mo ti súre fún ọ, o lè dìde kí o máa gún wọn lọ.

Èmi ni,
Ìyá Dókítà Ajá.